Àbọ̀ lórí àdúrà tí ìdáhùn rẹ̀ kò tíì dé

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, mo bi yín pé báwo lèèyàn ṣe ń gbàdúrà nìṣó bí ohun tó ń retí kò bá dé. Kí n fi àbọ̀ yìí kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ máa kọ àdúrà yín sínú ìwé. Ẹ fa ìlà pín ojú ìwé sí mẹ́ta: ọjọ́, ẹ̀bẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gbèdéke ti ara yín sí i bí ẹni pé Ọlọ́run ló dá a; bí gbèdéke náà bá kọjá, ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ti ń yẹ̀. Nínú Bíbélì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run mú ẹ̀gún ara rẹ̀, ìyẹn ìyà tó ń jẹ ẹ́, kúrò. Oore-ọ̀fẹ́ ló gbà dípò rẹ̀. Sáàmù 13, tí gbogbo rẹ̀ kò ju ẹsẹ mẹ́fà lọ, fi “yóò ti pẹ́ tó” bẹ̀rẹ̀, ó sì fi orin parí. Ẹ kà á sókè láàárọ̀, kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí àdúgbò Òkè-Fìà.

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáhùn.