Ẹ̀bá odò ni àbí ẹ̀bá adágún màlúù, níbo ni tòlótòló igbó ń sùn sí gan-an?

ỌmọỌdẹ_Texas:
Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo lọ dẹ tòlótòló lórí ilẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kan nítòsí ìlú Junction ní Texas lọ́sẹ̀ tó kọjá. Adágún tí wọ́n gbẹ́ fún màlúù wà lórí òkè, odò wà nísàlẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ wọn yí adágún ká, mo ní ibi tí wọ́n ti ń mumi náà ni wọ́n á sùn sí, ni mo bá lọ lúgọ síbẹ̀ láti aago márùn-ún ìdájí. Pàbó! Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni mo ti ń gbọ́ igbe akọ tòlótòló. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?

Ẹ̀gbọ́n_SanAngelo:
Àbúrò, igi ni wọ́n ń wá fún oorun, kì í ṣe omi. Apá ibẹ̀ gbẹ, igi kúkúrú ló kún orí òkè, etí odò ni igi pecan, igi eléso ńláńlá, ti ń rómi mu débi tó fi ga, òkè irú ẹ̀ ló sì fọkàn tòlótòló balẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹranko apẹyẹ bíi raccoon àti bobcat (ológbò igbó). Ọgbà ìjọba South Llano River State Park tó wà ní Junction yẹn náà, àárín igi pecan etí odò ni wọ́n ń wọ́ lọ sùn nígbà òtútù, ọdọọdún ni wọ́n ń padà síbẹ̀. Adágún yẹn, ọ̀sán ni wọ́n ń yà mumi níbẹ̀, pàápàá nígbà ọ̀dá, tí ewé tútù àti ìrì bá wà wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wá omi kiri.

ÌyáỌdẹ_OK:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ìhà odò tí akọ wà ni kẹ́ ẹ jókòó sí o! Akọ kan dá mi lóhùn títí lọ́dún kan, ó rìn dé etí omi, ó dúró, ó ń ké, kò sọdá, bẹ́ẹ̀ ó níyẹ̀ẹ́ lápá. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ ké bí òwìwí, akọ á dáhùn látorí igi, ẹ ó ti mọ ibi tó wà. Tó bá di ìdájí ẹ jókòó síbi tó jìnnà díẹ̀, kó sọ̀kalẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ má yìnbọn fún un lórí igi láéláé, òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ò gbà á, wọ́n sì lè sá kúrò níbẹ̀ pátápátá.

ỌmọỌdẹ_Texas:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Odò yẹn ni ààlà, òdìkejì jẹ́ ti aládùúgbò, ó sì jọ pé ọ̀hún ni igbe yẹn ti ń wá.

Ẹ̀gbọ́n_SanAngelo:
Ẹ lọ bá aládùúgbò yẹn kó tó di Sátidé, ẹ tọrọ ààyè. Tí kò bá gbà, ẹ wá igi pecan míì níhà tiyín.