Ẹ gbà mí o! Ọjọ́ Sunday ni mò ń lọ sí Shenzhen, físà M ni wọ́n ní kí n fi wá ṣiṣẹ́

Àdùkẹ́ Manchester:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa Ṣáínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, àyà mi ń já. Iléeṣẹ́ kan ní Shenzhen tó ń ta páńẹ́lì sólà, bátìrì àti ìnfátà ló gbà mí síṣẹ́. Wọ́n fẹ́ ṣí ọ́fíìsì sí Èkó. Wọ́n ní kí n wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn ná kí n mọ iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni mo máa wá lọ darí Èkó fún wọn. Owó rẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́. Àárọ̀ yìí ni ìwé àdéhùn dé, èdè Ṣáínà ni látòkè délẹ̀. Cindy tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní kí n fọwọ́ sí i kí n tó wọkọ̀, pé físà M tí mo ti gbà ti tó, tí mo bá ti dé, àwọn á yí i padà sí ti iṣẹ́. Mo sì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ níbí o. Ṣé kí n lọ àbí kí n má lọ?

Ìyá Ìbejì Guangzhou:
Àdùkẹ́, ọmọ mi, má wọ ọkọ̀ kankan. M ni tiwa tí à ń wá ra ẹrù, Z ni ti ẹni tó ń wá ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2016, àbúrò ọkọ mi ń bá iléeṣẹ́ kan ta táìlì ní Foshan. M ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. “Oṣù tó ń bọ̀, oṣù tó ń bọ̀” ni ọ̀gá ń sọ fún oṣù méje gbáko. Ọjọ́ tí àwọn ọlọ́pàá wọlé, ọ̀gá yìí kan náà ló ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, pé oníbàárà tó wá wo ẹrù ni. Oníbàárà tí abọ́ oúnjẹ rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn! Ó sanwó ìtanràn, ó sun àtìmọ́lé fún ọjọ́ 10, wọ́n sì dá a padà sílé. Òfin wọn ti là á kalẹ̀ láti ọdún 2013: 5,000 yuan sí 20,000, tó bá sì le, àtìmọ́lé ọjọ́ 5 sí 15. Cindy ò ní bá ọ sùn níbẹ̀.

Táyé Shenzhen:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mọ́mì. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dẹ́rù bà wọ́n jù. Shenzhen níbí ni èmi ti yí ìwé mi padà, mi ò lọ sílé kí n tó gba ìwé iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe.

Alájé Yiwu:
Táyé, sọ ọ́ tán. Ìpele wo ni wọ́n fi ọ́ sí?

Táyé Shenzhen:
A.

Alájé Yiwu:
Ẹ gbọ́ ọ! Láti ọdún 2017 tí wọ́n ti pín àlejò tó ń wá ṣiṣẹ́ sí A, B àti C, àwọn A ni wọ́n ń gbé bí ẹyin. Dókítà ìmọ̀ ẹ̀rọ ni Táyé, yunifásítì ló wá ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tó wà lórí ẹṣin wá ń sọ fún ẹlẹ́sẹ̀ pé ọ̀nà ò jìn.

Táyé Shenzhen:
Ẹ̀gbọ́n, mo ní ó ṣeé ṣe, mi ò ní gbogbo èèyàn ni. Ẹjọ́ Foshan yẹn sì rèé, ọ̀gá burúkú ló fà á, kì í ṣe físà.

Ìyá Ìbejì Guangzhou:
Táyé, ọ̀gá rere wo ló ń fi físà ọjà pe èèyàn wá jókòó sí ọ́fíìsì?

Táyé Shenzhen:
Òmíràn ò mọ̀ ni, Mọ́mì. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kéékèèké yìí, Àdùkẹ́ yìí gan-an ni àlejò àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà. Cindy fúnra ẹ̀ lè má tíì rí ìwé iṣẹ́ àlejò rí.

Ìyá Ìbejì Guangzhou:
Àìmọ̀ ọ̀gá ni ẹ̀wọ̀n ọmọọṣẹ́. Mo ti sọ tèmi.

Alájé Yiwu:
Àǹtí Àdùkẹ́, bó ṣe ń lọ nìyí. Iléeṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ gba ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ lórúkọ yín. Òun lẹ máa mú lọ gba Z ní Manchester níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ọjọ́ 30 lẹ ní láti lọ béèrè ìwé ìgbélùú. Tó bá sì jẹ́ ilé èèyàn lẹ sùn sí, tí kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì, kí wákàtí 24 tó pé, ẹ ti gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré o.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àdùkẹ́, ìwé ẹ̀rí wo lo fi ránṣẹ́ sí wọn?

Àdùkẹ́ Manchester:
Ti Ifẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ní másítà láti Salford náà.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Ti Salford ni kí o lò! Ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni Ṣáínà wọ àdéhùn apostille, ìyẹn ìwé tí ìjọba ń lẹ mọ́ ìwé ẹ̀rí láti fi jẹ́rìí sí i. Ìwé tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti lẹ apostille mọ́, wọ́n ń gbà á, kò kan ẹ́ńbásì mọ́. Nàìjíríà ò sí nínú àdéhùn yẹn. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo gbé sátífíkéètì Ìbàdàn mi fún lọ́yà kan níbí, ó gba £180, ó lẹ apostille mọ́ ẹ̀dà rẹ̀, ó rí rederede. Lọ́sẹ̀ kejì, Shanghai dá a padà: ìlú tó fún ọ níwèé ni kó jẹ́rìí sí i. Ó di Abuja, ó di Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè, ó di ẹ́ńbásì Ṣáínà níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta! Kí n tó parí ẹ̀, wọ́n ti fi ọmọ Ghana síbẹ̀. Ìwé ìwà rere ti ACRO, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà, má gbàgbé, apostille ni.

Alájé Yiwu:
Ọmọ Ghana kẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìyẹn dun èèyàn ju £180 lọ.

Dèjì Houston:
Tó bá jẹ́ pé Ifẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n lọ ni, Shanghai ò bá ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Dèjì, màá fi ọ́ sílẹ̀ lónìí nítorí pé ilé ń jó.

Alájé Yiwu:
Ká padà sórí ìwé àdéhùn. Àǹtí, ojú ìwé tó kẹ́yìn, ṣé òǹtẹ̀ pupa wà níbẹ̀? Róbótó, ìràwọ̀ láàárín, orúkọ iléeṣẹ́ yí i ká.

Àdùkẹ́ Manchester:
Rárá o. Cindy kàn fi báírò kọ orúkọ ẹ̀ ni.

Alájé Yiwu:
Ẹ ti rí i. Ní Ṣáínà, òǹtẹ̀ ni iléeṣẹ́. Báwa náà ṣe mọ̀ pé ọ̀pá àṣẹ ló ń jẹ́ ọba ti wí, kì í ṣe ẹnu ẹmẹ̀wà. Lọ́dún 2018, èmi àti máníjà kan fọwọ́ síwèé lórí ẹrù bàtà, a jẹun, a ya fọ́tò, mo san 38,000 yuan sílẹ̀. Ìgbà tí mo padà lọ, wọ́n ní máníjà ti lọ, pé òǹtẹ̀ àwọn dà níbẹ̀? Títí dòní. Bàtà ẹsẹ̀ kan ò kàn mí.

Ìyá Ìbejì Guangzhou:
Mo rántí. Ilé mi lo ti sunkún yẹn.

Alájé Yiwu:
Mọ́mì, ẹ bò mí láṣìírí.

Àdùkẹ́ Manchester:
Mo ti fi fóònù túmọ̀ ìwé náà. Ó ní ọdún méjì ni àdéhùn, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ìgbà ìdánwò, 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni wọ́n máa san nígbà yẹn. Ó tún ní tí mo bá kúrò, mi ò gbọdọ̀ bá iléeṣẹ́ sólà mìíràn ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì.

Táyé Shenzhen:
Oṣù mẹ́fà kọ́! Àdéhùn tó tó ọdún kan àmọ́ tí kò tó ọdún mẹ́ta, oṣù méjì ni òfin iṣẹ́ wọn gbà fún ìdánwò, oṣù mẹ́fà wà fún ọdún mẹ́ta sókè. Ti “má bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́” yẹn, wọ́n lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ máa sanwó fún yín lóṣooṣù ní gbogbo àsìkò tẹ́ ẹ bá fi jókòó. Ẹ bi wọ́n pé èló ni. Ẹ máa wo bí ẹnu Cindy ṣe máa rọ̀.
Ẹ má sì bẹ̀rù àtibéèrè, àǹtí. Chuhai ni gbogbo wọn ń pariwo níbí báyìí, ìyẹn ni pé kí wọ́n tu ọkọ̀ lọ sójú òkun. Ọjà ilé ti há, iléeṣẹ́ ogún ń ta ìnfátà kan náà, ẹ̀dínwó ni wọ́n fi ń para wọn. Gbogbo wọn ló rántí bí Tecno ṣe jókòó sí Shenzhen tó sì là nílẹ̀ wa. Ẹ béèrè Tecno lọ́wọ́ ọmọ Shenzhen, púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ Alaba, tó mọ ẹni tí wọ́n ń kí kí wọ́n tó já kọ̀ǹténà, tó tún gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wọn ò rí i he lójú títì.

Dèjì Houston:
Táyé sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Tèmi ni pé kí wọ́n kọ ọ́ síwèé irú owó tí wọ́n máa fi san ọ́ tí o bá dé Èkó. Lọ́dún 2021, iléeṣẹ́ Ṣáínà kan gbé mi kúrò ní Houston lọ sí Èkó. Ọ̀gá ni mí, mọ́tò wà, dẹ́rẹ́bà wà. Naira ni wọ́n kọ síwèé, mi ò kà á sí, owó yẹn tóbi nígbà náà. Oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n tú naira sílẹ̀, orí Third Mainland ni mo wà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì ń bá dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọdún kejì fi máa dé, tí mo bá ṣẹ́ owó oṣù mi sí dọ́là, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ Ṣáínà tí a jọ ń pín tábìlì, yuan ni tiẹ̀, wọ́n ń san án sílé fún un. Ní ọ́fíìsì kan náà! Wọ́n ní ìwọ ọmọ ilé ni, òun ni àlejò. Mo ní Houston ni mo ti wá. Wọ́n ní káàbọ̀ sílé.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
“Káàbọ̀ sílé” yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì pa mí lẹ́kún.

Àdùkẹ́ Manchester:
Ẹ ṣé gan-an o. Màá ní kí wọ́n kọ ọ́ sí dọ́là. Tí mo bá wá lọ, kí ni kí n mú lọ́wọ́ fún ọ̀gá? Mi ò lè lọ lọ́wọ́ òfo.

Táyé Shenzhen:
Ohun tó bá wù yín, ọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi fún wọn. Káàdì náà, ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé ò ní ṣì í. Àmọ́ ẹ má gbé aago lọ o! Létí wọn, fífún èèyàn ní aago àti lílọ síbi òkú rẹ̀, bákan náà ló ń dún.

Dèjì Houston:
Táyé, kí ló dé tó o fi mọ̀?

Táyé Shenzhen:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀.

Alájé Yiwu:
Bí kò bá sọ ọ́, èmi máa sọ ọ́.

Táyé Shenzhen:
Ó dáa. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò ní nǹkan kan nínú báàgì àfi aago ògiri tí wọ́n pín níbi ìsìnkú ìyá wa àgbà ní Ọ̀ṣogbo. Ó dára, ó ń dán, àwòrán Mama wà láàárín tàwọn ti gèlè wọn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún olórí ẹ̀ka wa. Ó bi mí pé ta ni ìyá yìí. Mo ní ìyá wa àgbà tó kú ni.

Ìyá Ìbejì Guangzhou:
Yéè!

Dèjì Houston:
Aago. Ti òkú. Pẹ̀lú àwòrán òkú. Táyé, ìpele A ni ọ́ lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Mo ti sọ fún ẹbí wa pé àwo ni kí wọ́n máa pín.

Táyé Shenzhen:
Ọkùnrin náà ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Aago yẹn ṣì wà ní ilé mi, ó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Shenzhen ò lé mi. Ìlú rere ni.

Ìyá Ìbejì Guangzhou:
Shenzhen wo? Ìlú ọmọdé. Guangzhou ni ìlú. Láti ọdún 1957 ni ìpàtẹ Canton ti ń fa gbogbo ayé wá síbí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún.

Táyé Shenzhen:
Ọdún 1980 ni wọ́n sọ Shenzhen di àkànṣe agbègbè ọrọ̀ ajé, ẹ wo ibi tó dé lónìí, Mọ́mì. Lẹ́kì ni Shenzhen. Ẹ má bínú, Òṣòdì ni Guangzhou.

Ìyá Ìbejì Guangzhou:
Ta ni kì í kọjá ní Òṣòdì?

Alájé Yiwu:
Ẹ máa jà. Ìdúmọ̀tà ni Yiwu. Ọjà wa lé ní ṣọ́ọ̀bù 70,000. Tẹ́ ẹ bá lo ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọdún á yí po, ẹ ò ní tíì jáde.

Dèjì Houston:
Àwa ní Houston ò sọ̀rọ̀. Ilé wa ní àgbàlá, iṣu wa wà ní ṣọ́ọ̀bù Naija ìsàlẹ̀ àdúgbò.

Alájé Yiwu:
Dèjì, má dárúkọ iṣu níbí. Mo ra shanyao lọ́jà, àwọn náà ń pè é ní iṣu, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Mo bó o, ó yún mi lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Mo sè é, mo gún un. Ẹ̀yin ará, ó ń fà bí ilá. Mo gún iyán, ọbẹ̀ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Àbí kí o kúkú bu ẹ̀gúsí lé e bẹ́ẹ̀, kó di ọbẹ̀ méjì.

Ìyá Ìbejì Guangzhou:
Ẹ wá sí Xiaobei, àdúgbò àwa aláwọ̀ dúdú ní Guangzhou níbí, ẹ máa rí àmàlà gidi jẹ. Àmọ́ kì í pọ̀ bíi tàtijọ́ mọ́. Àwọn ọmọ tí a jọ wà níbẹ̀ ti tú ká. Lálẹ́ Saturday nígbà kan, Yorùbá nìkan lo máa gbọ́ títí dé ìdí afárá. Báyìí, mo lè lọ kí n bọ̀ láìsí ẹni tó máa ní “Ẹ kú ọjà, mà.”

Alájé Yiwu:
Ẹ kú ọjà, mà.

Ìyá Ìbejì Guangzhou:
O ṣé, ọkọ mi.

Àdùkẹ́ Manchester:
Ẹ jọ̀ọ́ o, Sunday ń bọ̀. Cindy tún ti kọ̀wé, ó ní òǹtẹ̀ kì í ṣe ìṣòro, àwọn á lù ú tí mo bá dé. Kò tíì sọ nǹkan kan lórí Z.

Alájé Yiwu:
Tí òǹtẹ̀ kì í bá ṣe ìṣòro, kó lù ú lónìí.

Táyé Shenzhen:
Àǹtí, ẹ ní kó fi ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ yín hàn yín. Tí kò bá sí… Ẹrù kílò mélòó ni ọkọ̀ òfuurufú gbà yín láàyè, ẹ jọ̀ọ́?

Àdùkẹ́ Manchester:
Kílò 46. Kí ló dé?

Táyé Shenzhen:
Ẹ bá mi mú èlùbọ́ dání, kílò mẹ́ta péré.

Ìyá Ìbejì Guangzhou:
Táyé! Mo ní kọ́mọ má lọ, o ń fi èlùbọ́ rán an?

Ìyá Ìbejì Guangzhou:
Àdùkẹ́, tí o bá rí Z gbà, irú ni tèmi. Wòòrò o, má ra pẹ̀tẹ̀.