Onígángan ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì: ta gan-an ni ìlù mi ń yìn?

Onígángan_Ọ̀yọ́:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ń bọ Àyàn. Nígbà tí bàbá mi di onígbàgbọ́, ó yọ Àyàn kúrò lára orúkọ gbogbo wa, ó fi Olúwa sí i, àmọ́ kò gbé ìlù sọnù. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò yàtọ̀ sí ti káfíńtà. Bí èmi náà ṣe gbà á nìyẹn. Òde ìgbéyàwó àti òde òkú ni mo ti ń rí owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi san. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, màá gbé gángan kọ́ èjìká, ó di ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni àkókò ìyìn. A ó ti kọ àwọn orin tó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tán, gbogbo ìjọ á dìde, ijó á bẹ̀rẹ̀. Olùdarí orin á wò mí, á fi orí júwe alàgbà kan tó ń jó bọ̀. Kò ní la ẹnu, mo ti gbọ́ ohun tó wí: kí n ki alàgbà. Bó bá jẹ́ ọmọ Oníkòyí ni, inú ogun ni mo wọ̀ lọ yẹn, Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tí kì í gba ọfà lẹ́yìn, níwájú pẹpẹ Ọlọ́run! Alàgbà á dúró síwájú mi, á máa fi èjìká jó, á máa lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Orin tó wà lẹ́nu ìjọ lásìkò náà, Ọlọ́run ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ènìyàn ni ìlù abẹ́ rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò gbédè ìlù á rò pé mo kàn ń gbe orin lẹ́sẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà tó wà lórí ìjókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké.

Nígbà ìkórè tó kọjá, ìyá kan tó ń ta ògì ládùúgbò wa jó bọ́ síwájú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní àbíyè lẹ́yìn ọdún gbọọrọ ni, òun ló ń jó fún. Ó jó, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún dìde. Alága ìkórè ni olùdarí ń júwe fún gbogbo wa, torí òun àti ẹbí rẹ̀ ti ń bọ̀ nínú aṣọ kan náà. Ìyá fi owó tirẹ̀ sínú àpótí, ó padà sáyè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí pé ó wá.

Ẹ má sì jẹ́ kí n pa á mọ́ fún yín: ṣọ́ọ̀ṣì ò san nǹkan kan fún àwa onílù. Owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ wa lórí la ń pín. Bí awọ bá bẹ́, bí ọ̀ṣán bá já, àpò ara mi ni.

Ìbéèrè mi: ìyìn Ọlọ́run ha ni ohun tí mò ń fi kọ̀ǹgọ́ sọ yẹn bí?

Omele_Ìbàdàn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹ fẹ́ da omi sí iyán wa. 😂 Omele ni èmi ń lù ní tèmi, kì í dárúkọ ẹnì kankan, nítorí náà ọwọ́ mi mọ́ lọ́run.

Ká fi àwàdà sílẹ̀. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀. Alàgbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló kan páànù sórí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ jókòó sí. Bíbélì ní ká fi ọlá fún ẹni tí ọlá tọ́ sí, Róòmù orí 13 ni. Òwe orí 31 náà ní àwọn ọmọ tí obìnrin oníwà rere bí dìde, wọ́n ń pè é ní alábùkún fún. Yorùbá wo ló ń dúpẹ́ oore tí kì í dárúkọ ẹni tí oore ti ọwọ́ rẹ̀ wá? Ẹni tí a kì, tí orí rẹ̀ wú, tó jó, tó nawó sí iṣẹ́ Olúwa, ta ló ṣe ibi?

Bàbá_Dùùrù_Abẹ́òkúta:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àsìkò yìí. Dùùrù ni mo fi gbogbo ayé mi tẹ̀ ní ìjọ Áńgílíkà. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ọwọ́ ò yá mọ́, ṣùgbọ́n etí ṣì ń gbọ́.

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí ìlù ṣe dé inú ilé Ọlọ́run. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ kò fẹ́ ẹ rárá. Wọ́n ní ìlù mọ orúkọ òrìṣà jù. Orin òyìnbó la wá ń kọ: wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá, wọ́n fi ohùn ìlú òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohùn náà á gùn òkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí kò bá mú ìwé orin dání kò ní mọ ohun tí à ń wí! Àwọn tó rí i pé èyí ò dára ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin tó ń tẹ̀lé ohùn ẹnu wa. Nílùú wa níbí, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ṣe bẹ́ẹ̀, débi pé ó lọ kọ orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. L'Ékòó, T. K. E. Phillips, tó di atẹdùùrù Kàtídírà Marina ní 1914, tí kò kúrò ńbẹ̀ títí di 1962, ṣe ìdáhùn àdúrà ìsìn lọ́nà tí ẹnu Yorùbá fi lè pè é. Ohun tí wọ́n ń jà fún ni pé kí ìjọ mọ ohun tó ń sọ fún Ọlọ́run.

Nígbà tó yá, ìlù wọlé. Èmi náà wà lára àwọn tó bá àlùfáà jiyàn kó tó wọlé. Gángan ni ohun èlò tó lè sọ ọ̀rọ̀ wa láìyí ohùn rẹ̀ padà. Dùùrù mi ò lè ṣe é. Ẹ wá wò ó, a gbà á wọlé tán, alága ìkórè la gbé e fún.

Omele, ọmọ mi, èmi ò lòdì sí kíki ènìyàn. Oríkì ò bí Ọlọ́run nínú. Ibi tí a ti ń lò ó ni mo ń wí. Ìwọ lo ka Òwe orí 31, kò sọ pé inú tẹ́ńpìlì ni àwọn ọmọ yẹn ti dìde. Nígbà tí àwọn obìnrin Ísírẹ́lì fi ìlù kọrin pé Sọ́ọ̀lù pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún, Dáfídì pa ẹgbẹẹgbàárùn-ún, orin kan ṣoṣo péré, láti ọjọ́ náà lọ ni Sọ́ọ̀lù ti ń fojú burúkú wo Dáfídì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìjọ. Mo mọ alàgbà méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí pé ìlù ki ọ̀kan pẹ́ ju èkejì lọ. Orúkọ wọn ò ṣe pàtàkì.

Onígángan, ìmọ̀ràn mi nìyí. Gbé Sáàmù 136 fún olùdarí orin yín. Ẹsẹ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ìdajì kejì ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ló jẹ́ ìdáhùn kan náà: nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé. Kí ẹnì kan ka ìdajì àkọ́kọ́, kí ìlù dáhùn. Ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Kò ní sáyè fún alága kankan láàárín rẹ̀.

Akọ̀wé_Owó:

Mo kàn ń kọjá lọ. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ọdún 2007, sọ pé níná náírà mọ́ ènìyàn lára lóde ijó tàbí títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Kò yọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ní 2024 wọ́n fi gbajúmọ̀ kan jófin l'Ékòó. Ẹ máa ki alàgbà lọ, ẹ ṣáà mọ iye tó ń náni.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Onígángan, mo kí yín. Agbẹ̀bí ni mí, iṣẹ́ òru sì pọ̀ fún mi, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni ìyìn ń bẹ̀rẹ̀ tí èmi ṣì wà ní wọ́ọ̀dù tí mò ń kọ ìròyìn sílẹ̀ fún ẹni tó máa gbàṣẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ojú mi fi yàtọ̀ díẹ̀.

Àkọ́kọ́ ná, ẹ má gba oríkì lọ́wọ́ mi o. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ àwọn ìbejì mi, onílù ìjọ wa ki ẹ̀jìrẹ́. Mi ò lè jó. Omijé ni. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń kì wọ́n, ibi tí mo wà nígbà tí dókítà ní ọ̀kan nínú wọn kò mí dáadáa ni mò ń rántí, mo sì mọ ẹni tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ìlù tó ń pe ènìyàn kì í jẹ́ kí èèyàn rántí Ọlọ́run, èmi ò ní gbà fún yín. Nítorí náà, ìmọ̀ràn Bàbá dára, kò kàn tíì kó gbogbo rẹ̀ tán ni.

Ohun tó bí mi nínú nínú ọ̀rọ̀ Onígángan ni ìyá ológì. Jákọ́bù orí 2 mọ irú rẹ̀: ọkùnrin olóòrùka wúrà wọlé, ẹ ní kó wá jókòó síbi dáradára; aláìní wọlé, ẹ ní kó dúró sọ́hùn-ún. Bí ìlù bá máa kì, kó ki gbogbo ẹni tó wá dúpẹ́. Bí kò bá lè kì wọ́n tán, kó dákẹ́ lórí gbogbo wọn. Ámósì orí 5 ni Ọlọ́run ti ní kí wọ́n mú ariwo orin wọn kúrò níwájú òun, òun ò ní gbọ́ ohùn dùùrù wọn. Kì í ṣe pé wọ́n ṣi orin kọ. Wọ́n ń tẹ tálákà mọ́lẹ̀ lẹ́nu ibodè, wọ́n sì ń kọrin lọ ní tiwọn.

Ohun kejì: a ti fi ìyìn há àárín ìkéde àti ìwàásù. Nígbà tí Ábúráhámù sọ fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pé òun àti ọmọ náà ń lọ sọ́hùn-ún lọ sìn, iná àti ọ̀bẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò rí orin kankan níbẹ̀. Jóòbù gbọ́ pé àwọn ọmọ òun ti kú, ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó fá orí, ó wólẹ̀, ó sì sìn. Pọ́ọ̀lù àti Sílà kọrin ní ọ̀gànjọ́ òru nínú túbú ní ìlú Fílípì, ẹgba ṣì ń ta wọ́n lẹ́yìn, ẹsẹ̀ wọn wà nínú àbà. Ọ̀rọ̀ tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gbọ́ wọn. Ohun tí mo rí nìyí: ẹni tí kò bá ní nǹkan kan sọ fún Ọlọ́run láti Ajé dé Àbámẹ́ta, bí olùdarí bá ní kó gbọ́wọ́ sókè lọ́jọ́ Ìsinmi, ìlù ló máa gbọ́, alága ló máa wò. Kò tíì sí ẹlòmíì níwájú rẹ̀.

Owó tiyín wá ńkọ́? Ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n máa san án. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń gba epo lóṣooṣù.

Omele_Ìbàdàn:

Ìyá Ìbejì, ẹ ti gbá mi mú. Ti ìyá ológì yẹn, mi ò ní àwíjàre. Ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ mọ bí ìlù á ṣe sọ gbólóhùn Sáàmù tí ìjọ fi máa gbọ́ ọ. Oríkì, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Onígángan_Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti mú un délé, mo ti mú un dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí n ròyìn.

Òótọ́ ni Omele sọ. Ohùn nìkan ni gángan ní, kò ní lẹ́tà. "Láéláé" lórí ìlù, òkè ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹgbàágbèje ọ̀rọ̀ ló lè jẹ́. Gbólóhùn tí etí kò bá tíì mọ̀, ìlù ò lè fi kọ́ ọ. Mo lọ bá olùdarí orin nílé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pé ṣé mo ti di wòlíì ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó gbà pé kí ìjọ kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́, kí n máa sọ ọ́ tẹ̀lé wọn, kí wọ́n wá dákẹ́, kí ìlù máa nìkan dáhùn.

A ṣe é. Ẹsẹ bíi márùn-ún àkọ́kọ́ rí rúdurùdu, atẹdùùrù ń sáré jù. Ìgbà tí a dé ibi tí Ọlọ́run ti bi Fáráò ṣubú nínú Òkun Pupa, àwọn ọmọdé ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ń pa á mọ́ mi lẹ́nu. Ní ti Ógù ọba Báṣánì, ẹ̀rín ni wọ́n fi gbà á, mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín lára orúkọ yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo wá ki Ọlọ́run fúnra rẹ̀: Atẹ́rẹrẹ kárí ayé, Ọlọ́wọ́ gbọgbọrọ. Ijó tí wọ́n jó kò dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ìyá ológì ò wá lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a jáde, alàgbà ọmọ Oníkòyí pè mí sẹ́yìn: "Onígángan, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Mo ní rárá, bàbá. Ibẹ̀ náà, lábẹ́ igi máńgòrò, mo kì í dáadáa, mo kì í dé orírun rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó nawó, ṣùgbọ́n kò tó ti ìgbà tí ìjọ ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì pé kí n máa ki gbogbo ẹni tó bá wá dúpẹ́, mo ń gbìyànjú rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé mi ò mọ orílẹ̀ gbogbo wọn. Mo ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá ìjọ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń sọ fún mi, mo ń kọ ọ́ sínú fóònù.

Omele_Ìbàdàn:

Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Owó awọ ńkọ́?

Onígángan_Ọ̀yọ́:

Mo ti kọ lẹ́tà. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní àwọn máa jíròrò rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀.