Raspberry àti blackberry fún títà: ka ọwọ́ tó máa já a kó o tó ka igi

Ọmọ Àgbẹ̀:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ojú òtútù, ẹ kú ojú ooru, níbi yòówù tí kálukú bá wà. Èmi àti ọkọ mi ti rí ilẹ̀ kan tí a fẹ́ háyà fún ọdún mẹ́wàá, ó tó hẹ́kítà kan. Raspberry àti blackberry, àwọn èso wẹ́wẹ́ tó ń so lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, la fẹ́ gbìn síbẹ̀, títà la fẹ́ máa tà á. Mo ti ka ìwé díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tó ń ṣe é ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe? Èwo ni kí a gbìn jù nínú méjèèjì? Ṣé dandan ni kí a kọ́ ilé ọ̀rá lé e lórí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò mi, kú ìmúra. Ohun tí màá kọ́kọ́ bi ẹ́ kò kan ilẹ̀ rárá: ta ló máa bá yín já a? Ẹ ka ọwọ́ tó máa já a kí ẹ tó ka igi tí ẹ máa gbìn. Raspberry ò mọ ọjọ́ ìsinmi. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ojoojúmọ́ tàbí ọjọ́ kejì síra ni wọ́n ń já a, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ara ẹni ì báà yá, kó má yá. Ẹ̀rọ wà tó ń gbọn igi kí èso lè já bọ́, àmọ́ èyí tí ẹ̀rọ bá já, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe jáàmù tàbí tó ń mú un dì ni wọ́n ń kó o lọ. Èyí tí ẹ bá fẹ́ tà ní tútù, ọwọ́ ni. Owó àwọn tó ń já a ló sì máa ń wọni lára jù lọ nínú oko yìí, ó ju owó igi àti ajílẹ̀ lọ. Tọkọtaya tí kò ní òṣìṣẹ́, hẹ́kítà kan ti pọ̀ jù fún un. Ẹ gbin ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ mọ ibi tí agbára yín mọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹni tó máa rà á kí ẹ tó ra igi, torí oníbàárà ló ń sọ irú tí èèyàn máa gbìn. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ló máa gbé e lọ sọ́nà jíjìn, èso tó le dáadáa ni kí ẹ wá. Tó bá jẹ́ pé àwọn oníbàárà ló máa wá sóko wá já a fúnra wọn, adùn ni kí ẹ wò, kí ẹ sì gbin èyí tí kò lẹ́gùn-ún, torí wọ́n máa kó ọmọ wẹ́wẹ́ dání.

Kó o sì mọ bí igi yìí ṣe ń gbé ayé rẹ̀, torí gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ látibẹ̀ ló ti wá. Gbòǹgbò àti ìdí rẹ̀ máa ń wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kì í ju ọdún méjì lọ. Ọdún kìíní, ọ̀pá á ga, á yọ ewé. Ọdún kejì, á tanná, á so, á sì kú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gé ọ̀pá tó ti so kúrò nílẹ̀ pátápátá lẹ́yìn ìkórè, tí a sì ń fi àwọn ọ̀pá tuntun sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yàtọ̀ lè gé ìkórè ọdún tó ń bọ̀ dànù.

Irú kan tún wà tó ń so ní orí ọ̀pá ọdún kìíní, nígbà ìwọ́wé. Heritage, tó jáde láti Geneva ní New York lọ́dún 1969, wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Autumn Bliss tí wọ́n ṣe ní East Malling, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú yìí ni mo fẹ́ràn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: tí ìgbà òtútù bá ti ń parí lọ, gbogbo ọ̀pá ni wàá gé mọ́ilẹ̀ pátápátá, kò sí pé ò ń ṣa èyí tó kú kúrò láàárín èyí tó wà láàyè. Bí òtútù líle bá tiẹ̀ pa ọ̀pá, kò sí àdánù, torí wàá gé gbogbo wọn náà ni. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé tí ìrì dídì bá tètè dé níbi tẹ́ ẹ wà, ó lè bá èso lórí igi.

Bọ̀dá Àgbà:
Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà blackberry díẹ̀, torí òun ni mo ń gbìn.

Ẹ wo bí òtútù yín ṣe rí kí ẹ tó yan èyí tẹ́ ẹ máa gbìn jù. Raspberry pupa fara da òtútù líle dáadáa, ooru ni kò fẹ́. Ó sì nílò òtútù gígùn kó tó lè tanná: ọ̀pọ̀ irú tó ń so lórí ọ̀pá ọdún kejì ń fẹ́ ju wákàtí 800 lọ tí ojú ọjọ́ fi wà nísàlẹ̀ 7 °C. Blackberry kì í béèrè tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, láàárín wákàtí 300 sí 900 ti tó o, wọ́n sì fara da ooru. Àmọ́ àwọn tí kò lẹ́gùn-ún máa ń fara gbọgbẹ́ tí òtútù bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó nǹkan bí -20 °C. Nítorí náà, níbi tí yìnyín ti ń jókòó fún oṣù púpọ̀, raspberry ni kó pọ̀ jù. Níbi tí ìgbà òtútù ò ti le, blackberry ni kó pọ̀ jù.

Ẹ má gbin èyí tó lẹ́gùn-ún fún ọjà tútù. Triple Crown, Chester àti Ouachita, irú blackberry ni wọ́n, kò sí ẹ̀gún lára èyíkéyìí nínú wọn. Ouachita máa ń dá dúró fúnra rẹ̀ díẹ̀. Triple Crown àti Chester ní tiwọn máa ń gùn, wọ́n wúwo, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní òpó àti wáyà. Àwọn tó ń gùn yìí, ẹ fi mítà 1.5 sí 2 sáàárín igi kan sí èkejì. Raspberry ò ju sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60 lọ, torí òun fúnra rẹ̀ á máa hù láti inú gbòǹgbò títí tí gbogbo ẹbè á fi kún. Láàárín ẹbè sí ẹbè, mítà 3 ni mo ń lò, kí ẹ̀rọ lè kọjá, kí atẹ́gùn sì lè fẹ́ síbẹ̀. Wáyà méjì, ọ̀kan ní mítà kan sókè, èkejì ní mítà kan àbọ̀. Òpó tó wà ní ìparí ẹbè ni kẹ́ ẹ náwó lé. Tí òpó yẹn bá fi lè tẹ̀ lásìkò tí èso bá kún orí igi, gbogbo ẹbè ló máa bá a lọ.

Tí ọ̀pá tuntun blackberry bá ti ga tó nǹkan bíi mítà kan, ẹ já orí rẹ̀ kó lè yọ ẹ̀ka. Tí ìgbà òtútù bá ń parí, ẹ gé àwọn ẹ̀ka yẹn kù sí sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45. Èso á dín ní iye, ṣùgbọ́n á tóbi, òun sì ni ọjà ń fẹ́.

Olóko Tútù:
Ibi tí wọ́n ti ń di èso sínú ike ni iṣẹ́ mi wà, oko àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń kó wọn wá. Mo máa ń rí èso tó dára lórí igi tó ti bàjẹ́ kó tó délé oníbàárà, inú mi kì í dùn sí i, torí òógùn ẹnì kan ni.

Tó o bá já raspberry, kókó àárín rẹ̀ á kù sórí igi, èso á wá bọ́ bíi fìlà tí wọ́n ṣí kúrò lórí. Inú rẹ̀ ṣófo, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń tètè tẹ̀ tó bá gorí ara wọn. Blackberry máa ń gbé kókó àárín tiẹ̀ dání, ó fi le díẹ̀ jù ú lọ. Nínú ike tí wọ́n máa fi tà á gan-an ni kẹ́ ẹ já a sí, ike tí kò jìn. Ẹ má já a sínú garawa kẹ́ ẹ tún wá máa dà á. Ìgbà kan ṣoṣo ni kí ọwọ́ kan èso yìí.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ já a, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ tán tí oòrùn ò sì tíì mú. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji lójú ẹsẹ̀, kó wọ yàrá òtútù láàárín wákàtí kan. Ibi tó dára jù ni 0 sí 1 °C, kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wà ní 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, raspberry kì í ju ọjọ́ 2 sí 5 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹni tí kò bá ní yàrá òtútù, kó tà á lọ́jọ́ tó já a.

Fún blackberry, àwọ̀ dúdú nìkan ò tó. Tó bá ṣì ń dán, kíkan ni. Tí dídán yẹn bá ti lọ tó sì bọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti pọ́n nìyẹn. Àmọ́ èyí tó bá ń rìnnà jíjìn, ẹ má jẹ́ kó pọ́n jù.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì tún ń bà mí. Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, ohun méjì wà lára ilẹ̀ náà tí mi ò tíì sọ. Ìdajì kan nínú rẹ̀, tòmátò ni wọ́n gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Apá ìsàlẹ̀ sì wà tí omi máa ń dúró sí lẹ́yìn òjò. Ṣé kí a fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì:
Ó dára tó o sọ ọ́. Tòmátò, pòtétò, ata, ikàn àti strawberry, gbogbo wọn máa ń fi àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Verticillium sílẹ̀ sínú ilẹ̀, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má gbin raspberry sí ìdajì yẹn báyìí. Ẹ gbin koríko tàbí ọkà síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ilẹ̀ tó kù ti tó yín bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí omi ń dúró sí ńkọ́? Raspberry kórìíra kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi ju ohunkóhun mìíràn lọ. Àrùn Phytophthora máa jẹ gbòǹgbò rẹ̀, igi á rọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, èèyàn á tún máa bu omi sí i. Ẹ kọ ẹbè gíga, sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, sórí ilẹ̀ tó dára. Apá ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ má gbìn ín rárá.

Ẹ hú gbogbo igi irú rẹ̀ tó ń dá hù káàkiri ní àyíká oko, torí inú wọn ni àrùn fáírọ́ọ̀sì ń sá pamọ́ sí, kòkòrò aphid ló sì ń gbé e wọ inú oko. Fún ìdí kan náà, ẹ má gba igi ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò, bó ti wù kí ó jẹ́ èèyàn dáadáa tó. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì kọ̀wé sí pé kò ní àrùn. Kò sí oògùn tó ń wo fáírọ́ọ̀sì sàn lára igi.

Omi: nǹkan bíi mílímítà 25 lọ́sẹ̀, kó pọ̀ sí i nígbà tí èso bá ń tóbi. Tó bá jẹ́ pé gbogbo hẹ́kítà kan lẹ fẹ́ bomi rin, lítà 250,000 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan, nítorí náà ẹ béèrè ibi tí omi ti ń wá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀. Rọ́bà tó ń kán sídìí igi máa ń dín in kù gan-an. Ẹ má fi omi wọ́n èso látòkè, ẹ máa fún èbu aláwọ̀ eérú láyè ni.

Ti ilé ọ̀rá, níbi tí òjò bá ń rọ̀ lásìkò ìkórè, èmi ò ní gbin raspberry fún ọjà tútù láìbò ó.

Bọ̀dá Àgbà:
Ẹ forí jì mí, Ìyá Ìbejì, mo gbà pé ó wúlò, àmọ́ n ò gbà pé ọdún kìíní ni kí wọ́n kọ́ ọ. Ọdún kìíní kò sí èso, ọdún kejì díẹ̀ ló máa so, ọdún kẹta ló máa tó so dáadáa. Kí wọ́n fi àyè òpó sílẹ̀ láàárín ẹbè, kí wọ́n kọ́ ọ nígbà tí èso bá ti fẹ́ san owó rẹ̀. Ooru inú rẹ̀ tún máa ń mú kí àwọn kòkòrò pupa wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé pọ̀, ìjì sì lè ká ọ̀rá rẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì:
Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn dára jù tèmi. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Olóko Tútù:
Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ eṣinṣin o. Drosophila suzukii, láti Éṣíà ló ti wá. Ọdún 2008 ni wọ́n rí i ní California àti ní ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn eṣinṣin èso yòókù, èso tó ti ń rà ni wọ́n ń lọ bá. Abo èyí ní ohun tó dà bí ayùn nídìí, ó fi ń gé ara èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, á sì yé ẹyin sínú rẹ̀. Èso á wà rèǹtèrente lójú, ìdin á sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí èso tó pọ́n sun orí igi. Èyí tó bá bàjẹ́ tàbí tó já sílẹ̀, ẹ kó o, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú oòrùn. Ẹ má dà á sẹ́yìn oko. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ ò ju mílímítà kan lọ máa ń dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹ dúró kí oyin parí iṣẹ́ lára òdòdó kẹ́ ẹ tó pa á dé, torí hóró kọ̀ọ̀kan tó wà lára èso ló nílò kí oyin bà lé òdòdó náà. Èyí tí kò bá bà lé dáadáa, èso rẹ̀ á máa wó sọ́wọ́. Láti mọ̀ bóyá ó ti wọlé, ẹ po iyọ̀ mọ́ omi, bíi gíráàmù 60 sí lítà kan, ẹ tẹ èso díẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Tí ìdin bá wà, wọ́n á léfòó.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Ọkọ mi ń kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí. A ti pinnu: ìdá kan nínú mẹ́rin, apá òkè nìkan, irú tó ń so nígbà ìwọ́wé ni kó pọ̀ jù, ẹbè méjì fún blackberry. A máa bi onílẹ̀ nípa omi lọ́la. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ bu iyẹ̀pẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ bu ú láti ojú ibi mẹ́wàá ó kéré tán, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kẹ́ ẹ pò ó pọ̀ nínú ike tó mọ́. Ẹ má bu ti ibi tòmátò mọ́ ọn, ẹ di ìyẹn lọ́tọ̀. pH, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, 5.6 sí 6.5 lẹ ń wá. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tún ilẹ̀ ṣe lọ́dún yìí, kẹ́ ẹ gbin igi lọ́dún tó ń bọ̀. Tí èsì bá dé, fi nọ́ńbà rẹ̀ síbí, a jọ máa wò ó.