Google Sheets tí mo ṣe fún àwọn aláró: kí ló dé tí wọn ò kọ nǹkan kan sí i?

Ọmọ-Aláró:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Iṣẹ́ àdìrẹ ni màmá mi ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Ìtòkú ni ìsọ̀ wọn wà, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé wa ní Àṣerò ni wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Ẹni mẹ́fà ló pawọ́ pọ̀ ṣe é. Ẹnì kan ń ra tẹ́rù, aṣọ funfun tí wọ́n máa pa láró, ẹni méjì ń fi fóòmù tí wọ́n gé lọ́nà tẹ àbẹ́là sára aṣọ, màmá mi àti ọ̀rẹ́ wọn kan ló wà nídìí aró, ẹni kẹfà, ẹni tó lẹ́nu jù nínú wọn, ló ń bá àwọn oníbàárà Èkó sọ̀rọ̀. Alárinà ni màá máa pè é níbí. Èmi ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ọdún àṣekágbá ni mo wà.

Ní oṣù kẹta, iṣẹ́ àǹkò ìgbéyàwó kan wọlé: aṣọ 25, ọ̀pá márùn-ún márùn-ún, búlúù tó dúdú dáadáa. Màmá gbọ́ ọ lẹ́nu Alárinà. Ọ̀rẹ́ màmá gbọ́ ọ nínú voice note. Kálukú pa 25. Aṣọ 50 ló jáde, ẹni tó ni ìgbéyàwó sanwó 25, ìyókù wọ inú àpò ìrẹsì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Ni mo bá ní ọgbọ́n ti dé. Mo ṣe Google Sheets kan, tábìlì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wọn lè jọ máa kọ nǹkan sí: ta ló bẹ iṣẹ́, àwọ̀ wo, mélòó, ọwọ́ ta ló wà, ọjọ́ wo ni yóò gbẹ, èló ló kù tí oníbàárà máa san. Mo gbé e sórí fóònù gbogbo wọn, mo fi ìrọ̀lẹ́ méjì kọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ kìíní, èmi ni mò ń kọ nǹkan sí i. Ọ̀sẹ̀ kejì, èmi náà ni. Mo padà sí iléèwé, mo ṣí i wò lọ́jọ́ Jímọ̀: ohun tuntun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni “Ẹ káàárọ̀”, inú òpó owó sì ni ẹni tó kọ ọ́ kọ ọ́ sí.

Bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin yìí kan náà, bí o bá fi voice note ránṣẹ́ sí wọn láago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á ti dá ọ lóhùn kó o tó mí.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ẹ̀kọ́ kan wà tó ń wádìí irú nǹkan yìí, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ran àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tàbí bó ṣe ń dí wọn lọ́wọ́? Òun ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi. Olùkọ́ tó ń bójú tó mi ní bí n kò bá ti kọ áàpù, kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ṣé kí n kọ áàpù ni?

Ará-Kútọ̀:

Ìwé gbọọrọ kan, bírò kan, okùn tí o máa fi so bírò mọ́ ìwé kí ọmọdé má baà gbé e lọ. Iṣẹ́ ìwádìí parí. Ìwọ náà rò ó wò: ẹni tó ki ọwọ́ bọ aró dé ìgbúnwọ́, ọwọ́ wo ló fẹ́ fi tẹ fóònù?

Àgbà-Akẹ́kọ̀ọ́:

Ọmọ-Aláró, má dá Ará-Kútọ̀ lóhùn, àmọ́ ìbéèrè tó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, kọ ọ́ sílẹ̀ o.

Ẹ̀kọ́ náà wà, òun ni mò ń ṣe lọ́wọ́ fún másítà. Computer-Supported Cooperative Work ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí kọ̀ǹpútà ń ràn lọ́wọ́; CSCW ni ìkékúrú rẹ̀. Irene Greif àti Paul Cashman ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1984, nígbà tí wọ́n kó àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń wádìí ìṣe ọmọ ènìyàn jọ sójú kan. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àpérò ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní Austin, ní Texas. Èrò náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1968, Douglas Engelbart, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, jókòó níwájú èrò ní San Francisco, òun àti ẹnì kan tó wà ní Menlo Park jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ojú kọ̀ǹpútà kan náà, wọ́n sì ń rí ojú ara wọn.

Èyí tó kàn ọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ Jonathan Grudin, olùwádìí kan nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ó kọ ọ́ ní 1988 pé ọ̀kan nínú ohun tó ń pa irú ètò àjùmọ̀lò bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bu iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ àǹfààní. Kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì ló fi ṣàpẹẹrẹ: ẹni tó fẹ́ pe ìpàdé ni kàlẹ́ńdà ń gbè, àmọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù ló máa jókòó máa kọ ọjọ́ wọn sínú rẹ̀. Wọn ò kọ ọ́, ó sì kú. Nínú ẹni mẹ́fà tìrẹ, ta ni Sheets yẹn ń gbè? Lójú tèmi, Alárinà ni, kó lè mọ ohun tó máa sọ fún oníbàárà. Èjìká ta ni kíkọ rẹ̀ wá já lé?

Má tíì kọ áàpù kankan. Christian Heath àti Paul Luff lọ jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà Bakerloo, wọ́n ń wo ọwọ́, wọ́n ń gbọ́ ẹnu. Ẹni tó ń darí ọkọ̀ máa ń sọ ohun tó ń ṣe sókè bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀. Ẹni tó jókòó tì í á ti gbọ́, á sì yí ìkéde tó fẹ́ ṣe fún àwọn èrò padà láìsí pé ẹnikẹ́ni rán an. Lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé yín bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán.

Ìyá-Onísọ̀:

Ọmọ mi, mo kí ọ. Èmi náà ń ta aṣọ, ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Ẹ ti sọ ti Lọ́ńdọ̀nù tán, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan owó. Ìwọ ní kí wọ́n kọ iye tí oníbàárà jẹ síbi tí ẹni mẹ́fà ti lè rí i! Bí Alárinà bá gba 9,000 tó ní 7,500 lòun gbà, ṣé òun ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́? Ẹni tó kọ “Ẹ káàárọ̀” síbẹ̀ yẹn ò ṣàṣìṣe rárá. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Tún bi ìyá rẹ léèrè: kí ni wọ́n fi ń mọ ìdì kan yàtọ̀ sí èkejì kí o tó gbé tìrẹ dé? Wọn ò lè ti máa ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí láìní àmì.

Àgbà-Akẹ́kọ̀ọ́:

Ẹ ṣé gan-an mà. Ohun tí Wanda Orlikowski kọ ní 1992 lẹ sọ yẹn. Ilé iṣẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn kan gbé Lotus Notes, ètò kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò kan, wá kí wọ́n lè máa pín ìmọ̀ láàárín ara wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tí oníkálukú mọ̀ tí ẹlòmíì ò mọ̀ ló ń gbé e dépò. Ta ló máa wá tú u síta?

Ọmọ-Aláró:

Mo ti jókòó o. Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́rú, lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike aró. Kọ́sítíìkì tí wọ́n ń pò mọ́ aró ṣì ń ta mí lójú.

Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ. Àkísà ni àmì ọ̀hún. Ìdì aṣọ tó bá ti wọlé, màmá á so àkísà mọ́ ọn: pupa ni ti Èkó, funfun ni ti ìsọ̀. Kókó tí wọ́n bá ta sí i ni iye aṣọ, kókó kan fún márùn-ún. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gbé nínú ilé yẹn, mo rò pé okùn ìdì lásán ni. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi. Wọ́n ní, “O ò béèrè. Fóònù lo yọ.”

Ọ̀rọ̀ 25 tó di 50 náà ti yé mi. Ẹni tó ń ra tẹ́rù gbé ìdì kan lọ sílé ọ̀rẹ́ màmá tààrà lọ́jọ́ yẹn. Kò gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, kò sẹ́ni tó so àkísà mọ́ ọn. Àmì yìí dára, àmọ́ kì í kọjá ibi tí ojú dé.

Ẹ̀gbọ́n, ti Lọ́ńdọ̀nù yẹn, mo fojú ara mi rí i. Bí màmá bá ti ri aṣọ bọ aró, wọ́n á ké, “Ó ti wọlé o!” Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń yọ́ àbẹ́là á rọra din iná kù, ẹni tó máa ṣí àbẹ́là kúrò lára aṣọ á gbé omi kaná. Bí òjò bá ṣú, ariwo mìíràn nìyẹn, gbogbo ètò ti yí padà kí n tó dìde. Òpó “ọjọ́ wo ni yóò gbẹ” tí mo ṣe yẹn! Nínú oṣù kẹfà!

Mo ti pa Sheets rẹ́. Ohun tí a ń dán wò báyìí ni pé ẹni tó bá so àkísà á ya fọ́tò ìdì náà kó tó ki ọwọ́ bọ aró, á jù ú sí gúrúùpù WhatsApp. Kò ní kọ nǹkan kan. Ìdì tí a ò bá rí àkísà rẹ̀, a ò pa á. A ti ṣe é fún ìdì mẹ́rin, wọ́n gbàgbé méjì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ mi ṣì ń béèrè áàpù.

Àgbà-Akẹ́kọ̀ọ́:

Kọ ọ́ fún un, àmọ́ kó kéré. Kó kàn máa to àwọn fọ́tò yẹn bí wọ́n ṣe ń wọlé, kí Alárinà lè rí wọn láìpe ẹnikẹ́ni. Bí nǹkan kan bá wà láti kọ, òun ni kó kọ ọ́. Ẹni tó wà nídìí aró ò gbọdọ̀ tẹ ohunkóhun.

Ará-Kútọ̀:

Ẹ fi ìwé sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn 25 abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, ṣé wọ́n ṣì wà? Àbúrò mi ń ṣègbéyàwó ní oṣù kejìlá.

Ọmọ-Aláró:

Ó ku 22. Màmá ti fi mẹ́ta ránṣọ. Ẹ wá sí Ìtòkú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ màmá ni kí ẹ ti ná an o, ẹ má bá Alárinà sọ ọ́.