Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ní RAM 2GB: irú Linux wo ló lè gbé?

Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Láptọ́ọ̀pù kan tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Core 2 Duo ni mo fẹ́ fi Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows) sí. RAM rẹ̀ jẹ́ 2GB, hard disk 160GB, Windows 7 ló sì wà lórí rẹ̀. Mo ti gbé ISO (fáìlì kan ṣoṣo tó kó gbogbo ètò náà sínú) ti Linux Mint Cinnamon sórí fúláàṣì 8GB, síbẹ̀ Windows náà ló ń ṣí ní gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án. Kí ló fà á? Ṣé Mint yìí kò ní wúwo jù fún un? Wi-Fi inú rẹ̀ jẹ́ Broadcom BCM4312, wọ́n sì ní ó máa ń yọ èèyàn lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọlọ́wọ́Kíbọ́ọ̀dù:
Tó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ kàn da ISO náà kọ sórí fúláàṣì bí ìgbà téèyàn ń da orin kọ, ẹ̀rọ kò lè gbéra láti ibẹ̀ láéláé. Rufus, ètò Windows tó ń sọ fúláàṣì di ohun tí ẹ̀rọ lè gbéra láti orí rẹ̀, ni kí ẹ fi kọ ọ́. Rufus 3.22 ni kí ẹ wá o, torí àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows 7. Ẹ yan fúláàṣì, ẹ yan ISO, kí ẹ wá wo ibi tí wọ́n kọ "Partition scheme" sí: MBR ni kí ẹ mú. BIOS (ètò àtijọ́ tó ń gbé ẹ̀rọ dìde; UEFI ni tuntun) ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbà Core 2 Duo ń lò. Tí ẹ bá mú GPT, UEFI nìkan ni Rufus á ṣe é fún, BIOS yín kò sì ní rí i. Ohun gbogbo tó wà lórí fúláàṣì ló máa pa rẹ́, ẹ kó wọn kúrò.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ yẹ ISO yín wò. Nínú Command Prompt (ẹ fi ibi tí ISO yín wà rọ́pò `C:\linux.iso`):

`certutil -hashfile C:\linux.iso SHA256`

Ẹ fi ohun tó bá gbé jáde wé èyí tí wọ́n kọ síbi tí ẹ ti gba ISO. Bí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀, ẹ tún un gbà. ISO tí kò wọlé tán ló máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ dúró lágbedeméjì, kó sì máa fa àṣìṣe tí kò ní orí tí kò ní ìdí.

Tí ẹ bá wá tan ẹ̀rọ, ẹ máa tẹ F12 léraléra kí àmì Windows tó yọ. F12 ni ti Dell àti Lenovo, F9 ni ti HP. Ẹ yan fúláàṣì nínú àtòjọ tó bá yọ.

ÀgbàDebian:
Cinnamon, ojú tí Mint yín ń lò, wúwo jù fún 2GB. Àwọn tó ń ṣe Mint fúnra wọn sọ pé 2GB ló kéré jù, pé 4GB ló tuni lára. Linux míì tó ń jẹ́ Lubuntu dára, àmọ́ antiX lèmi á mú fún ẹ̀rọ yìí. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, RAM tó bá ṣẹ́ kù sì ni browser máa rí jẹ. Browser gan-an ni ọ̀jẹun inú kọ̀ǹpútà.

Core 2 Duo jẹ́ 64-bit, torí náà ISO amd64 (orúkọ tí wọ́n ń pe ti 64-bit) ni kí ẹ gbà. Kí ẹlòmíì tó ń kà á ṣọ́ra: Core Duo tí kò ní "2" láàárín, 32-bit ni. Debian 13 tó jáde ní 2025 kò ní ISO 32-bit mọ́. AntiX 23 ní in.

Ẹ má sáré tẹ "Install". Ẹ kọ́kọ́ lò ó láti orí fúláàṣì, ẹ gbọ́ bóyá ohùn ń jáde, ẹ pa á dé kó sùn, kí ẹ wò ó bóyá á jí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí terminal (ibi tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí nínú Linux), ẹ tẹ `lsblk`. Hard disk 160GB yín máa hàn bíi 149G, fúláàṣì kò sì ní tó 8G. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe mọ orúkọ tí hard disk ń jẹ́, bíi sda. Ẹ fi smartmontools (ètò tó ń yẹ ìlera hard disk wò) sí i, kí ẹ tẹ:

`sudo smartctl -a /dev/sda`

Ẹ wá ìlà Current_Pending_Sector. Bí nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún pátápátá bá ju 0 lọ, hard disk yẹn ti ń kú lọ, ẹ má fi nǹkan kan sórí rẹ̀. SSD SATA ti 2.5 ínǹṣì máa wọ àyè kan náà, òun ló sì máa yí ẹ̀rọ yẹn padà ju Linux yòówù lọ. Tí ẹ bá fẹ́ fi kún RAM, `sudo dmidecode -t memory` máa sọ bóyá DDR2 ni tàbí DDR3. Ọ̀kan kì í wọ ihò èkejì.

Tí ẹ bá wá ń fi Linux sí i, "Erase disk" máa gbé Windows àti gbogbo fáìlì yín lọ. Ẹ kó wọn síbòmíràn ṣáájú.

OníWáyà:
Ní ti BCM4312, ẹ fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì so ó, tàbí kí ẹ fi okùn USB gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí fóònù. Lẹ́yìn náà:

`sudo apt update`
`sudo apt install firmware-b43-installer`

Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ tún un tàn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni nǹkan yìí ti ń wá firmware (ètò kékeré tí Wi-Fi náà nílò kó tó ṣiṣẹ́) fúnra rẹ̀, torí náà bí ẹ bá gbé e wá sórí fúláàṣì láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, òfìfo ló máa já sí.

Tí apt bá ní "Release file is not valid yet", tàbí tí browser ń pariwo pé sáìtì kò ṣeé fọkàn tán, ẹ wo aago. Bátìrì kékeré CR2032 tó wà lórí bọ́ọ̀dù ló ti kú, tí ọjọ́ sì ti padà sí ọdún àtijọ́. Ti láptọ́ọ̀pù sábà máa ń ní wáyà lára, ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó ra òmíràn.

Bí ojú rẹ̀ bá sì dúdú lẹ́yìn GRUB (ojú ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ ti ń yan ètò tí ẹ̀rọ máa gbé), ẹ tún ẹ̀rọ tàn, ní ojú GRUB ẹ tẹ `e`, ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `linux`, ẹ kọ `nomodeset` sí ìparí rẹ̀, kí ẹ tẹ F10. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn máa ṣiṣẹ́. Tó bá ṣí, ẹ kọ ọ́ sínú `/etc/default/grub`, sí GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT, kí ẹ sì tẹ `sudo update-grub`.