Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ni «bli» ti wọ èdè Norway?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Bergen ní Norway ni mò ń gbé, mo ń kọ́ èdè wọn. Tíṣà ní kí kálukú mú ọ̀rọ̀-ìṣe kan, kó wá sọ orírun rẹ̀ ní kíláàsì. «Bli» ni mo mú torí ó ń dà mí lójú rú: «bli lærer», kéèyàn di tíṣà, «bli her», kéèyàn dúró síbí. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn Viking, ará ibí láyé àtijọ́, ni, àmọ́ ẹnì kan ní kíláàsì ní ti Denmark ni. Èwo ni kí n kọ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Àbí «believe» ni wọ́n gé kúrú? 😂

Ìyá Ìbejì: Ìwọ yìí! Àbúrò, má kọ Viking o. «Verða» làwọn yẹn ń lò fún «di». Àwọn ará Iceland ṣì ń sọ ọ́ dòní, Nynorsk, ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà kọ èdè Norway, náà ní «verte». Inú lavtysk ni «bli» ti wá, ìyẹn èdè àríwá Jámánì láyé àtijọ́. «Bliven» ni wọ́n ń pè é, «dúró, ṣẹ́kù» ló sì túmọ̀ sí. Ti «bli her» ló ṣáájú, ti «di» ló tẹ̀ lé e.

Bàbá Oníwèé: O tiẹ̀ wà nílùú tí ọ̀rọ̀ yẹn gbà wọlé! Rìn dé Bryggen, èbúté àtijọ́ ìlú yín. Nǹkan bí ọdún 1360 làwọn oníṣòwò Hansa, ẹgbẹ́ oníṣòwò àríwá Jámánì tó ń sọ lavtysk, fìdí ọ́fíìsì wọn múlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń kó ọkà wá, wọ́n ń kó ẹja gbígbẹ lọ (sítọ́kùfíìṣì tó ń dé ọjà wa náà nìyẹn). Ó di 1754 kí ọ́fíìsì ọ̀hún tó kógbá sílé. «Betale» tí wọ́n fi ń sanwó, «begynne» (bẹ̀rẹ̀), «snakke» (sọ̀rọ̀), lavtysk ni gbogbo wọn. Bí o bá rí «be-» níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, fura. Inú «bli» gan-an, «be-» wà níbẹ̀, fáwẹ́lì rẹ̀ ló ti jẹ.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ti Denmark wá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹni yẹn ò kúkú purọ́ tán. Àwọn ará Denmark náà yá a lọ́dọ̀ àwọn Jámánì kan náà, «blive» ni wọ́n ń kọ. Norway sì wà lábẹ́ ọba Denmark títí di 1814, èdè Denmark ni ìwé ìjọba, ìyẹn ló jẹ́ kó ráyè jókòó. Kọ méjèèjì, fi lavtysk ṣíwájú. Ṣí Bokmålsordboka, ìwé atúmọ̀ èdè Norway, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.

Olùbéèrè: Mo ti rí i, mà. Màá fi «verte» kún un, Nynorsk ni tíṣà wa ń sọ.